Òde Ni Orin Wa Ń Gbé

Ọ̀rọ̀ kan wà tó ti sú mi láti gbọ́. Ká ní ẹnu àwọn tí kò nífẹ̀ẹ́ orin ló ti ń jáde ni, mi ò bá fọwọ́ lẹ́rán máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń pe ara wọn ní ògbóǹtarìgì olólùfẹ́ fújì, jùjú àti àpàlà ló ń sọ ọ́ kiri, láti gáréèjì Ìkirè títí wọ ọjà Àpòmù. Wọ́n á ní live play, ìyẹn orin tí olórin ń kọ lójú agbo àríyá, kì í ṣe orin, pé inú àwo ni orin wà. Bí dírẹ́bà bá ti ki fláàṣì bọ ẹ̀rọ ọkọ̀, tí ohùn òde kan jáde, tí gángan ń sọ̀rọ̀, tí olórin ń kí oníkòkó àti oníṣòwò lórúkọ, ẹnì kan lẹ́yìn ọkọ̀ á pòṣé, á ní kí wọ́n bá òun wá àwo gidi sí i. Àwọn yòókù á mi orí bí ẹni pé òfin Ọlọ́run ni ó kà jáde.

Kò sẹ́ni tó ń bi wọ́n léèrè ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ náà ti di òótọ́ nítorí pé ó ti di àgbọ́túngbọ́. Ó ti tó àkókò kí ẹnì kan bi wọ́n.

Kí n tó dá wọn lóhùn, ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ wọn bí àwọn fúnra wọn ṣe ń rò ó, nítorí kì í ṣe ẹjọ́ òmùgọ̀. Àkọ́kọ́, wọ́n ní lójú agbo, owó ni olórin ń kọ orin fún. Ẹni tó bá ná an lówó ló ń kì. Bí ẹlòmíì bá ná an ju ìyẹn lọ, á fi ti àkọ́kọ́ sílẹ̀, òru á sì tán sórí orúkọ. Wọ́n ní inú àwo ni ìmọ̀ràn, ìtàn àti ọgbọ́n wà. Ẹ̀kejì, wọ́n ní ohùn live play dọ̀tí: jẹnẹrétọ̀ ń ké, súpíkà ń hu, èrò ń pariwo, a kò gbọ́ ohun tí olórin ń sọ. Nínú sítúdíò, ìlù kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, ohùn sì mọ́ kedere. Ẹ̀kẹta, wọ́n ní olórin tó wọ sítúdíò ti jókòó ronú, ó ti to orin rẹ̀, ó ti fi ẹgbẹ́ rẹ̀ dánra wò. Èyí tó wà lójú agbo, ohun tó bá ti bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ. Ẹ̀kẹrin, wọ́n ní ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ni live play wà fún. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, tí wọ́n ká àga àti àtíbàbà, ó parí. Ẹni tó gbọ́ ọ lẹ́yìn ogún ọdún kò mọ ẹni tí wọ́n ń kì, kò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń hó. Àwo ní tirẹ̀ wà fún gbogbo èèyàn, nígbà gbogbo.

Ẹjọ́ tí wọ́n rò nìyẹn, mi ò sì bù ú kù. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló fi dúró, kò sì sí èyí tó lágbára nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó àti orúkọ, nítorí òun ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sọ. Ta ló sọ fún wọn pé orúkọ kò sí nínú àwo? Nínú gbogbo àwo Haruna Ishola, olórin àpàlà, èwo ni òkìkí rẹ̀ kàn tó Oroki Social Club tó jáde ní 1971? Kí sì ni Oroki Social Club? Ẹgbẹ́ afẹ́ kan ní Òṣogbo ni. Ìyìn ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fi ṣe àwo tí wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀ yìí. Board Members tí Ebenezer Obey, olórin jùjú, ṣe ní 1972 ńkọ́? Orúkọ àwo náà gan-an ti jẹ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń yìn. Yusuf Olatunji, baba onísákárà, àwo mélòó ló ṣe tí kò fi kí gbajúmọ̀ kan tàbí òmíràn, ọkùnrin àti obìnrin? Bí ìyìn bá ń ba orin jẹ́, àwo ti bàjẹ́ kí live play tó dé. Ẹ kò lè fi ẹ̀sùn kan ẹnì kan, kí ẹ sì fi ohun kan náà yin ẹnì kejì.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ju ẹyọ kan lọ. Nínú sítúdíò, ẹni tí wọ́n ń kì kò sí níbẹ̀. Lójú agbo, ó wà níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó sì gbọ́dọ̀ fèsì. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ló sọ live play di ọ̀gá.

Ẹ wò ó dáadáa níjọ́ mìíràn. Obìnrin kan tó ń ṣe òkú ìyá rẹ̀ ní Àpòmù dìde lórí àga. Kò tíì dé iwájú olórin tí onígángan ti rí i. Ó ti fún ọsán ìlù mọ́ ìhà, ó ti ń fi ìlù pè é ní ọmọ ẹni tó jẹ́. Olórin gbọ́ ohun tí ìlù sọ, ó gbà á sẹ́nu, ó so ó mọ́ oríkì ìdílé olóògbé, àwọn elégbè sì gbé e. Ẹsẹ̀ obìnrin náà dúró. Ó tẹ́tí. Nígbà tí orúkọ ìyá rẹ̀ jáde lẹ́nu ìlù lẹ́ẹ̀kejì, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó tún dìde, ó wá ń jó sí ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ, kì í ṣe sí ìró rẹ̀ lásán. Olórin ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó dẹ orin, ó rọra, ó jẹ́ kí gángan nìkan bá a sọ̀rọ̀. Ìlù ń bá olórin sọ̀rọ̀, olórin ń bá elégbè sọ̀rọ̀, oníjó ń dá gbogbo wọn lóhùn, kò sì sí ẹni tó mọ ohun tí ẹnì kejì fẹ́ ṣe kí ó tó ṣe é. Owó tó ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí olórin kọ́ ni orin náà. Ẹ̀rí ni pé orin náà ti kan ẹni tó ń wá. Ta ló fẹ́ ṣe irú èyí nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, tí olórin ń kọjú sí ògiri?

Ẹni tó bá ń pe èyí ní agbe, kò mọ ohun tí oríkì jẹ́ láàárín wa. Ṣé onírárà kì í gba ẹ̀bùn ni? Ṣé akígbe ọba kì í jẹun láàfin? Ṣé onílù tó ń jí ọba lójoojúmọ́, ọ̀fẹ́ ló ń lù? Láti ìgbà tí Yorùbá ti ń kì ara wọn ni wọ́n ti ń fún ẹni tó mọ̀ wọ́n kì ní nǹkan. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa nígbà yẹn pé iṣẹ́ ọnà náà kò mọ́ nítorí owó. Inú ìwé àti ìwà àwọn ẹlòmíì la ti kọ́ pé orin tó bá gbowó lójú agbo kò níyì, àmọ́ èyí tó bá gbowó ní ilé-iṣẹ́ àwo níyì. Kí ló mú kí owó ilé-iṣẹ́ mọ́ ju owó ọmọ olóòkú lọ?

Ó kan ariwo, òun ni ẹsẹ̀ kejì. Kí n tó dé orí rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n béèrè ohun kan nípa àwo tó mọ́ kedere yìí: kí ni wọ́n gé kúrò kó tó mọ́? Nígbà tí Tunde King ń gba jùjú sílẹ̀ l'Ékòó ní àwọn ọdún 1930, ojú kan àwo ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ṣé a rí ẹni tó ń ṣe àríyá ìṣẹ́jú mẹ́ta ní Èkó ìgbà yẹn tàbí ti ìgbàkígbà? Olórin kọ́ ló ní kí orin kúrú tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ ló gé e. Nígbà tó yá, àwo ńlá dé, tí ojú kan rẹ̀ gba bí ogún ìṣẹ́jú. Kí ni Obey àti Sunny Ade fi àyè náà ṣe ní àwọn ọdún 1970? Wọ́n so orin mọ́ orin, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti etí àwo, wọn kò dúró títí tí abẹ́rẹ́ fi dé àárín, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe é lóde àríyá. Kásẹ́ẹ̀tì tó gba wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀ dé, kíá ni òde wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Fídíò dé, òde wọ inú fídíò. Fláàṣì àti fóònù tó lè gba òru mọ́jú dé, òru mọ́jú náà ló wọ inú wọn.

Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí orin ń dorí kọ. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ti fi àyè sílẹ̀ sí i, ọ̀dọ̀ live play ni orin wa ń lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ orin kúkúrú. Bó bá jẹ́ pé àwo ni orin gidi, tí òde jẹ́ àfikún, kí ló dé tí orin kò dúró sí ìṣẹ́jú mẹ́ta nígbà tó rí àyè? Ìdáhùn wà níwájú wa. Òde ló kọ́kọ́ wà. Wọ́n gé e kéékèèké kó lè wọ inú àwo ni, àwọn tó bá a nínú àwo sì rò pé bó ṣe tóbi mọ nìyẹn.

Ariwo wá ńkọ́? Àwọn kan náà tó ń pe ariwo agbo ní ìdọ̀tí, ẹ bi wọ́n léèrè nípa pápá ìṣeré Liberty n'Ìbàdàn, èyí tí wọ́n ń pè ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ báyìí. Ojú wọn á tàn. Ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ló ṣí i ní 1960, kò sì jìnnà sí Ìkirè, ọkọ̀ kan ṣoṣo ni. Wọ́n á sọ fún ẹ nípa ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹjọ ọdún 1963, nígbà tí Dick Tiger na Gene Fullmer níbẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa ja ìjà ẹ̀ṣẹ́ fún àmì-ẹ̀yẹ àgbáyé nílẹ̀ Áfíríkà aláwọ̀ dúdú. Wọ́n á sọ nípa Shooting Stars ti 1976, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Àwọn mìíràn á ní pápá Súrùlérè l'Ékòó ni tàwọn, pé kò sí pápá tó dà bí ibẹ̀ ní ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà na Àlùjíríà ní góòlù mẹ́ta sí òdo, tí Segun Odegbami jẹ méjì, tí Muda Lawal jẹ ẹyọ kan. Wọ́n lè jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú lórí pápá tó dára jù. Kí sì ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ròyìn? Góòlù kọ́ o. Ariwo ni. Wọ́n á ní ilẹ̀ mì. Wọ́n á ní ẹni tó wà lẹ́bàá òun kò gbọ́ ohùn òun. Wọ́n á ní láti òpópónà ni ẹni tí kò wọlé ti mọ̀ pé góòlù ti wọlé.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ ariwo di ògo ní pápá, tó sì sọ ọ́ di ìdọ̀tí lójú agbo?

Ayé dán ọ̀rọ̀ yìí wò fún wa ní 2020, gbogbo wa ló rí i lórí tẹlifíṣọ̀n. Àrùn Kòrónà lé òǹwòran kúrò ní pápá, wọ́n sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní Jámánì, ní Gẹ̀ẹ́sì àti ní Sípéènì níwájú àga òfìfo. Agbábọ́ọ̀lù kan náà ni, pápá kan náà, òfin kan náà. Ohùn mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. A ń gbọ́ bí ẹsẹ̀ ṣe ń kan bọ́ọ̀lù, a ń gbọ́ ohùn kóòṣì. Ṣé inú àwọn èèyàn dùn sí mímọ́ náà? Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi ariwo àtọwọ́dá sí i, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń gbé jáde ti kú. Bí ariwo èrò bá jẹ́ ìdọ̀tí, kí ló dé tí wọ́n fi ń wá ìdọ̀tí dà sí ohun tó mọ́?

Híhó èrò lójú agbo kì í ṣe ohun tó bo orin mọ́lẹ̀. Apá kan orin náà ni. Ibẹ̀ la ti ń mọ̀ pé òwe tí olórin pa bá ẹnì kan, pé ìlù sọ ohun tí ẹnu kò lè sọ, pé ọ̀rọ̀ tó jáde ga ju agbára ẹni tó ń gbọ́ ọ lọ. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ ó ní ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn.

Ẹsẹ̀ kẹta ni pé inú sítúdíò ni wọ́n ti ń ronú. Èyí ló ń bí mi nínú jù lọ, nítorí ó ń fi ọ̀gá sípò ọmọ-iṣẹ́. Kí ni sítúdíò dá sílẹ̀ rí nínú orin Yorùbá? Ẹ wo fújì. Inú wéré ló ti jáde, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ kiri òpópónà lóru Ramadan láti fi jí àwọn Mùsùlùmí fún sààrì. Ibẹ̀ ni Sikiru Ayinde Barrister ti gbé ohùn dàgbà. Ẹgbẹ́ kan pàdé ẹgbẹ́ kejì, aládùúgbò ń wo láti ojú fèrèsé, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá há tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá tán, ìtìjú ló máa gbé relé. Kí Barrister tó wọ sítúdíò rárá, òde ti kọ́ ọ ní bí a ti ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlòmíì, bí a ti ń fa orin gùn, bí a ti ń mọ̀ pé èrò ti fẹ́ sú. Nígbà tó ṣe Fuji Garbage ní 1988, ìmọ̀ tó ti kó jọ lóde fún ọ̀pọ̀ ọdún ló dà sínú rẹ̀. Bàtà tí Kollington Ayinla fi kún fújì ńkọ́? Ìlù Ṣàngó ni, ìlù egúngún ni. Ta ló ti gbọ́ pé wọ́n ń fi bàtà ṣeré nínú yàrá?

Bí èyí kò bá tó, Fela Anikulapo-Kuti jẹ́ ẹlẹ́rìí tí wọn kò lè já nírọ́. Ní Afrika Shrine, ilé eré rẹ̀ l'Ékòó, orin tuntun ni Fela máa ń kọ fún àwọn tó wá. Á máa kọ ọ́ lálẹ́ dé alẹ́, á máa tún un ṣe, á máa nà án, á máa gé ibi tí kò wọ̀. Bó bá wá gbà á sílẹ̀ sínú àwo tán, ó ti parí pẹ̀lú rẹ̀ nìyẹn. Kì í fẹ́ kọ ọ́ lójú agbo mọ́, bí àwọn èèyàn tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Ẹ rò ó wò. Gbogbo ohun tí wọ́n ní sítúdíò ló ń ṣe, ìrònú ni o, àtúnṣe ni o, ìdánrawò ni o, ojú agbo ló ti ṣe é. Sítúdíò ni ibi tó ti sọ pé ó dìgbóṣe fún orin náà.

Wọ́n tún ní ohun tó bá bọ́ sí i lẹ́nu ló ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó bọ́ sí i lẹ́nu. Kí ló dé tí kò bọ́ sí ẹnu tèmi àti tìrẹ? Ẹni tó lè mú oríkì ìran mẹ́ta, òwe, ẹsẹ̀ Kùránì tàbí Bíbélì, àti ohun tó ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kó so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láàárín èémí kan, kó sì bọ́ sórí ìlù láìkọsẹ̀, ṣé ẹni tí kò ronú nìyẹn? Ó ti ronú fún ogún ọdún kó tó dé ibẹ̀. Nínú sítúdíò, bó bá ṣi ohùn gbé, wọ́n á ní kó tún un ṣe. Lójú agbo, kò sí àtúnṣe. Olórin tí kò mọ oríkì ìlú tó wà, tí kò mọ ẹni tó ṣáájú àti ẹni tó tẹ̀ lé e nínú ẹbí olóòde, ojú agbo ni àṣírí rẹ̀ ti ń tú, kì í ṣe nínú àwo. Bí a bá fẹ́ mọ ẹni tó mọ orin kọ, èwo nínú méjèèjì ni ìdánwò?

Ó ku ẹsẹ̀ kẹrin: pé ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ni live play wà fún. Mo fi tèmi béèrè: ta ni nínú àwọn tó ń gbọ́ Oroki Social Club ní Ìkirè lónìí ló mọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà ní 1971? Wọn kò mọ̀ wọ́n. Wọ́n sì ń bá Haruna gbé e, wọ́n ń mi orí. Àìmọ ẹni tí wọ́n ń kì kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ rí, nítorí ohun tí à ń gbọ́ ni bí a ti ń gbé èèyàn ga, a sì mọ bó ṣe ń rí lára.

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ kúrò nílé. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹwàá ọdún 1962, James Brown, olórin ará Amẹ́ríkà, fẹ́ gba eré rẹ̀ sílẹ̀ ní gbọ̀ngàn Apollo ní Harlem, ní New York. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwo rẹ̀ kọ̀, kò fọwọ́ sí i. Ó ní ta ló fẹ́ ra orin tí wọ́n ti gbọ́ tẹ́lẹ̀, tí ariwo èrò tún wà lórí rẹ̀? Ohun tí wọ́n ń sọ ní gáréèjì Ìkirè gẹ́lẹ́ nìyẹn. James Brown mú owó ara rẹ̀ jáde, ó gbà á sílẹ̀. Àwo náà jáde ní 1963, ó sì wà lára àwọn tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínláàádọ́rin. Àwọn tó rà á kò sí ní Apollo lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Igbe obìnrin kan láàárín èrò ni wọ́n rà, pẹ̀lú ohùn tó fa igbe náà jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Fela àti Ginger Baker, onílù ará Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ ṣe àwo wọn tí wọ́n pè ní Live! ní 1971, sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni wọ́n lọ, ọ̀kan nínú èyí tó lókìkí jù láyé. Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀? Wọ́n pe èrò wọlé wá jókòó. Sítúdíò tó mọ́ jù lọ láyé wá nílò ohun tí àwa ń pè ní ìdọ̀tí. Live Live Juju ti Sunny Ade, tó jáde ní 1988, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti gbà á sílẹ̀, níwájú àwọn tí ọ̀pọ̀ wọn kò gbọ́ Yorùbá, tí wọn kò mọ ẹnì kan tí orúkọ rẹ̀ jáde nínú rẹ̀. Wọ́n jó. Ìròyìn kò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n live play tí wọ́n gbà sílẹ̀ ló sún mọ́ àfojúbà jù. Àwo inú sítúdíò ni ìròyìn.

 Ohun tó jẹ mí lógún jù ni ìparun tí ọ̀rọ̀ pé live play kì í ṣe orin ń fà, nítorí ohun tí a bá kà sí pàǹtí, a kì í tọ́jú rẹ̀.

Yusuf Olatunji kú ní 1978. Wọ́n pa Ayinla Omowura, olórin àpàlà, ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1980. Haruna Ishola kú ní 1983. Àwo wọn wà nílẹ̀, a dúpẹ́. Òde wọn dà? Àìmọye òru tí wọ́n kọ orin mọ́jú, ní ìgboro àti ní ìletò, dà? Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó wọ inú àwo la ń fi pe ara wa ní ẹni tó mọ Omowura. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi bírò kọ orúkọ ìlú àti ayẹyẹ sí lára páálí, àwọn èèyàn ti gba ìwàásù àti orin mìíràn sórí wọn. Fláàṣì tó gba òde ọdún 2005 ni wọ́n ń pa rẹ́ lónìí kí fíìmù lè rí àyè. Bí ẹ bá bi ẹni tó pa á rẹ́, á ní live play lásán ni.

Lásán kẹ̀? Ẹ wo bí ìwé ìtàn ṣe mọ Àpòmù. Nínú ìwé Samuel Johnson tó jáde ní 1921, Àpòmù ni ọjà tí Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé, tí wọ́n ti ń jí èèyàn gbé tà, tí ọ̀rọ̀ náà sì wá di ogun Òwu. Òótọ́ ni, ó sì yẹ ká mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ṣé ogun nìkan ni wọ́n ṣe ní Àpòmù? Ta ló kọ orúkọ ìyálọ́jà tó kọ́ ọmọ mẹ́fà jáde? Ta ló kọ orúkọ àgbẹ̀ oníkòkó tó la ọ̀nà, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ tó kọ́ gbọ̀ngàn, babaláwo, àlùfáà àti pásítọ̀ tó jókòó pọ̀ lábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo nítorí ọ̀rẹ́ wọn ń ṣe òkú baba rẹ̀? Olórin ló kọ ọ́. Inú live play ló wà, pẹ̀lú ọjọ́, pẹ̀lú ibi, pẹ̀lú ohùn àwọn tó wà níbẹ̀. Kò sí ìwé ìròyìn tó ròyìn alẹ́ náà, kò sì sí ìwé ìtàn tó kà á kún.

Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà ní Ìkirè, ìmọ̀ èdè àti àṣà sì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹnu ọ̀nà wọn ni àwọn tó ní kásẹ́ẹ̀tì òde wà, tí wọ́n kó wọn sí abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Iṣẹ́ tó yẹ ní ṣíṣe ni kí wọ́n gbà wọ́n kí ọ̀rinrin àti eku tó gbà wọ́n, kí wọ́n fi ohùn inú wọn pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kọ orúkọ tó wà nínú wọn sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ àwọn èèyàn náà ṣì wà láyé. Ìlú Ìkirè ló yẹ kó mọ̀ ju ìlú mìíràn lọ pé ohun tí a kà sí pàǹtí lè níye lórí. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí àwọn ẹlòmíì ń wò bí ohun tó ti bàjẹ́, òun ni wọ́n fi epo àti ata sọ di dòdò tí gbogbo arìnrìn-àjò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń béèrè. Wọn kò fi mímọ́ ara èèpo mọ adùn.

Nítorí náà, ẹ yé sọ fún wa pé live play kì í ṣe orin. Orin Yorùbá kò fìgbà kan jẹ́ ohun tí ẹnì kan ń dá sọ fún ògiri. Ọ̀rọ̀ láàárín olórin, onílù àti ẹni tó dìde jó ni. Ibi tí àwọn mẹ́ta wọ̀nyí bá ti pé ni orin wà. Ibi tí ọ̀kan bá ti ṣẹ́ kù, àjẹkù ni, bó ti wù kó mọ́ tó. Àwo dára fún ohun tó jẹ́: ìránnilétí ni, iṣẹ́ tí wọ́n gé wọ inú àyè tí ẹ̀rọ fún wọn. Live play ni iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń dán olórin wò, òun ló ń sọ ẹni tí a jẹ́ àti ẹni tó gbé láàárín wa, òun ló sì yẹ ká kọ́kọ́ tọ́jú, ká kọ́kọ́ gbọ́, ká kọ́kọ́ fi kọ́ ọmọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ olórin wa tó tóbi jù, kó pa àwo tì, kó lọ gbọ́ ohun tó ṣe lóde.